Ẹnu Ni Bàbá Àgbà Fi Ń Parí Sinimá

Jeremáyà Akíntìmẹ́hìn, Àjàní ọmọ Lẹ́bí, ọmọ a-gbin-kòkó-bí-ẹni-gbin-ẹ̀gúsí, ọkọ Dórékà, bàbá Ìyábọ̀, Ògbufọ̀ Ìjọ ní Òdìgbó, Ẹnu Sinimá ní Òrè, Bàbá Akọ̀ròyìn, a-béèrè-ọ̀rọ̀-títí-ọ̀rọ̀-fi-jẹ́wọ́. Bàbá àgbà mi, ó dàárọ̀.

Èmi Dúpẹ́, ọmọ Ìyábọ̀, ni mò ń kọ èyí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì lè to ayé Bàbá láti ìgbà ìkókó rẹ̀ dé òpin. Àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ gan-an ti di arúgbó kó tó lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè to ó. Sámúẹ́lì, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ni. Ilé Bàbá Sámúẹ́lì, bí àwa ọmọdé ṣe ń pè é, kọjú sí tiwa ní Òdìgbó, ọ̀nà tóóró ló wà láàárín, bí wọ́n bá ń gúnyán níbẹ̀ a máa ń gbọ́ ọ níbí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, kò bá Bàbá sọ gbólóhùn kan. Gbogbo ohun tí Bàbá fẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn kò ju pé kí Sámúẹ́lì kọjá ọ̀nà yẹn wá jókòó tì í.

Ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni màá máa kọ, bó ṣe ń wá. Ilé ti dákẹ́, kò sí ẹni tó ń sáré lé mi.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì wọ ìlú ni sinimá dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ń la títì ńlá tó gba Òrè kọjá, àwọn àjèjì pọ̀, ọwọ́ onílé àti àlejò ń rí owó ná. Lúùkù tó ń ra kòkó ní Òrè sọ sítọ̀ rẹ̀ di ilé sinimá ní ọ̀sán Sátidé. Wọ́n á fi àpò kòkó dí fèrèsé kí òkùnkùn lè wà, wọ́n á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, jẹnẹrétọ̀ á máa dún lẹ́yìn ilé. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn kòkó gbígbẹ, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ tan sinimá ló máa ń rí lára mi.

Fíìmù tí Lúùkù ń rí yá kì í ṣe tuntun. Àwọn tó ti gbó ni, dúdú àti funfun, tí àwọn òyìnbó fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe, tí àwọn ará ìlú ńlá ti wò títí tó ti sú wọn. Ìtàn kan náà ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n á pa ènìyàn, ọlọ́pàá á mú ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀, ọkùnrin kan tó ń kọ ìwé ìròyìn á ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn, á máa béèrè ọ̀rọ̀ kiri títí á fi rí apànìyàn. Owó tí wọ́n fi ṣe é kéré débi pé yàrá kan náà ni wọ́n ń lò fún ilé ìwé ìròyìn, fún àgọ́ ọlọ́pàá àti fún ilé apànìyàn, tábìlì nìkan ni wọ́n ń sún. Bàbá ló kọ́kọ́ fura sí i. Ó fi ọ̀pá kan aṣọ funfun, ó ní, “Ẹ wo ògiri yìí dáadáa. Ihò kan náà ń tẹ̀ lé wọn láti ilé dé ilé.”

Bàbá ni ògbufọ̀ wa. Òun ló máa ń túmọ̀ ìwàásù nínú ìjọ bí oníwàásù tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bá bẹ̀ wá wò, ìdí nìyẹn tí Lúùkù fi pè é. Yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, yóò sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo wọn. Ìkálẹ̀ ló máa ń fi sọ ti akọ̀ròyìn. Yorùbá àwọn ará òkè ló máa ń fi sọ ti ọlọ́pàá. Pijin tí wọ́n ń sọ ní ibùdókọ̀ Òrè ló máa ń fi sọ ti apànìyàn, kí a lè tètè dá a mọ̀.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì inú Bíbélì ni Gẹ̀ẹ́sì Bàbá. Àwọn inú fíìmù sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ilé ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Kì í gbọ́ tó ìdajì. Ojú wọn ló ń kà. Ní Sátidé kan, Tíṣà Àjíbóyè, ọmọ Èkìtì tí ìjọba gbé wá máa kọ́ni ní Araromí-Obu, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó dìde.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ohun tí ọkùnrin yẹn sọ nìyẹn o. Ó ní òun fẹ́ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni.”

Ilé dà rú. “Tíṣà, jókòó! Ìsinmi kí ni? Ẹni tí wọ́n ń pa lọ! Ti Bàbá la fẹ́!”

Bàbá gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. Ó ní, “Tíṣà, ohun tó sọ lo gbọ́. Èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni mò ń tú fún wọn.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ńṣì iwájú ló ń jókòó sí, yóò máa sọ ohun tí wọ́n wí sí Bàbá létí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Bàbá á gba díẹ̀ nínú rẹ̀, á sì ju èyí tó kù nù. Wọ́n jọ ń fi mọ́tò bọ̀ sí Òdìgbó, wọ́n á jẹun nílé wa. Èmi kò rí àgbàlagbà méjì tó gbádùn ara wọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá mi àgbà, Dórékà, kò fẹ́ràn àwọn akọ̀ròyìn yẹn. Ó bá wa lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn kí a tó délé. “Àwọn ènìyàn yìí kì í jẹun ni? Sìgá àti omi dúdú látàárọ̀ ṣúlẹ̀.”

“Iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ wọn, Dórékà.”

“Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Bàbá Ìyábọ̀, ẹni tí kò jẹun kì í rí apànìyàn. Apànìyàn ló máa ń rí i.”

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa Bàbá rèé. Fíìmù tó bá gbó báyẹn, ìparí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ó lè ti já, ó lè ti jó, tàbí kí ẹni tó yá Lúùkù máà fún un ní róòlù tó kẹ́yìn. A ó ti máa mí gúlegúle, akọ̀ròyìn á ti gbá ilẹ̀kùn wọlé, gbogbo aṣọ á kàn funfun báláú, ẹ̀rọ á máa yí lófìfo. Ariwo á sọ. “Bàbá, ẹ parí ẹ̀ fún wa!”

Bàbá á bọ́ síwájú aṣọ funfun tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, á sì parí rẹ̀. Bó ṣe ń parí gbogbo wọn kò yàtọ̀. Akọ̀ròyìn á kó gbogbo ènìyàn jọ sójú kan. Á bi ẹlẹ́ṣẹ̀ ní ìbéèrè, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹlẹ́ṣẹ̀ á bú sẹ́kún, á ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ gbé ẹrù yìí kúrò lórí mi.” Wọ́n á gbé e dìde, wọ́n á dì mọ́ ọn, wọ́n á jọ jẹun. Àwa náà á pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ á fi máa ta wá.

Tíṣà Àjíbóyè sọ fún un lọ́jọ́ kan lójú oúnjẹ pé, “Bàbá, mo ti wo ti òní yẹn ní Ìbàdàn. Wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin yẹn ni.”

Bàbá bu òkèlè. Ó ní, “Ìbàdàn nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá jẹ́wọ́, omi la máa ń bù fún un.”

Ohun tó ń túmọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára. Ẹ kò lè gbé òfófó wọ ilé wa kó má bi yín pé ojú ta ló ṣe. Bí ìyá mi bá ní, “Wọ́n ní ìyàwó Dáníẹ́lì ti kó jáde,” Bàbá á ní, “Ta ni ‘wọ́n’? Ṣé ó rí i tó ń di ẹrù?” Àwọn ènìyàn fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Akọ̀ròyìn. Kò bínú sí i. Gbólóhùn tó máa ń fi lé wa sùn ni pé, “Ẹni tó rí i ni kó sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n sọ fún, kó lọ sinmi.”

Ní ìgbà ìkórè kòkó kan, òjò rọ̀ lọ bíi pé kò ní dá mọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ìkùukùu bo ọ̀nà. Tíṣà Àjíbóyè gun alùpùpù rẹ̀, ó ń lọ sí ilé ìwé, mọ́tò kan gbá a lẹ́bàá Omifunfun, kò dúró. Ìyá Rúùtù tó ń dín gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.

Agbégilódò kan dúró níwájú díẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ ń pààrọ̀ táyà. Mọ́mọ̀ ni wọ́n ń pè é, ará Auchi, igi gẹdú ló ń kó. Àwọn ọ̀dọ́ fọ́ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n lù ú bí ẹni máa kú, kí àwọn ọlọ́pàá tó wá gbé e jù sẹ́wọ̀n. Kò sí ẹni tó ṣiyèméjì. Ọkọ̀ ńlá, àjèjì, ìtòsí ibẹ̀. Kí la tún ń wá?

Bàbá kò sunkún Tíṣà lójú wa. Ó dé fìlà rẹ̀, ó rìn lọ bá Ìyá Rúùtù. Mo bá a lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ohun tí wọ́n sọ.

“Kí lo gbọ́?”

“Mo gbọ́ gbì, Bàbá.”

“Kí o tó gbọ́ gbì ńkọ́?”

“Mo gbọ́ mọ́tò.”

“Agbégilódò ni àbí mọ́tò kékeré?”

Ìyá Rúùtù gbé igbá tó fi ń dín gàrí sílẹ̀. “Bàbá, bí agbégilódò bá ń kọjá, gbogbo agbada gàrí mi ló máa ń gbọ̀n. Ti Mọ́mọ̀ kọjá lọ́jọ́ náà, agbada gbọ̀n, a tún dín tó agbada kan lẹ́yìn rẹ̀.” Ó wo ilẹ̀. “Èyí tó gbá Tíṣà, agbada kò gbọ̀n.”

Oòrùn ràn lọ́jọ́ kejì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo Òdìgbó sá jáde láti sá kòkó. Ibi gbogbo ni wọ́n tẹ́ tapólì sí, kòkó tutù wà lórí rẹ̀. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ń wo ilé àbúrò rẹ̀. Kòkó Bàbá Sámúẹ́lì wà nínú agbọ̀n, ó ti ń rùn. Tapólì rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó fi bo píkọ́ọ̀pù rẹ̀, tí ó fi owó kòkó ọdún tó ṣáájú rà, ó bò ó mọ́lẹ̀ títí dé táyà. Gbogbo wa la ti ń rí i láti àárọ̀. Kò sí ẹni tó wò ó.

Bàbá ní, “Dórékà, àgbẹ̀ wo ló ń fi tapólì bo mọ́tò, tí kòkó rẹ̀ ń jẹrà?”

Ìyá mi àgbà jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gbólóhùn mẹ́ta péré ló sọ. “Ẹ dìde, ẹ lọ bá a ní yàrá. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ìyá yín ni.”

Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá, inú yàrá la ti ń sọ ọ́, kí àwọn méjèèjì tó jọ jáde lọ bá àgbà, kí àgbà tó bá wọn lọ bá ọlọ́pàá. Kì bá ti dí Mọ́mọ̀ lọ́wọ́ láti jáde lẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n Bàbá ti parí fíìmù jù, ó ti gbà pé bí ó ṣe ń parí wọn ni ayé ń parí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ìjọ túká sí abẹ́ igi obì níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ó dúró láàárín.

“Sámúẹ́lì, píkọ́ọ̀pù rẹ dà?”

“Ó wà nílé, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Kí ló dé tí kòkó rẹ fi ń rà nínú agbọ̀n?”

Bàbá Sámúẹ́lì wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ tó dúró tì í.

“Ta lo gbá, Sámúẹ́lì?”

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, “ibí yìí lẹ ti fẹ́ bi mí?” Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. “Mi ò rí i. Ìkùukùu ni. Ẹ̀rù ló bà mí.”

Bàbá na ọwọ́ sí i. Mo rí i. Ó na ọwọ́, ó sì ń wo àwọn ènìyàn, ó ń retí kí wọ́n wá gbé e dìde. Ẹnì kan kígbe. Ẹlòmíràn sọ òkúta. Wọ́n fa aṣọ ya mọ́ Bàbá Sámúẹ́lì lára lójú àwọn ọmọ rẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ olùṣọ́-àgùntàn tó fi ara bò ó. Nígbà tí ọlọ́pàá ń mú un lọ, ìyàwó rẹ̀ yíjú sí Bàbá. “Ẹ ti rí àlejò gbà sílẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Akọ̀ròyìn.”

Mọ́mọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ níwájú ilé wa nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kan ṣì wú. Bàbá kò jáde sí i. Ó ní kí a fún un lóúnjẹ, kí a sọ fún un pé ìdúpẹ́ kò sí níbẹ̀.

Lúùkù bẹ̀ ẹ́ títí ó fi padà sí sinimá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fíìmù já níbi tó máa ń já, aṣọ funfun, ariwo sọ. Bàbá dúró síwájú aṣọ, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lọ, ó gbé e bọ̀. A dúró. Ó ní, “Ó tán. Ẹ máa lọ sílé.”

Nígbà tí Bàbá Sámúẹ́lì ti ẹ̀wọ̀n dé, irun rẹ̀ ti funfun. Bàbá pàṣẹ kí n gbé iṣu tuntun lọ fún un. Mo kúnlẹ̀. Ó wò mí, kò bá mi jà, ó ní, “Sọ fún ẹni tó rán ọ pé mo ti yó.” Ọdọọdún ni Bàbá ń rán iṣu náà, ọdọọdún ni mo ń gbé e padà. Àwọn àgbà bá wọn dá sí i, olùṣọ́-àgùntàn mẹ́ta ló gbìyànjú rẹ̀ kí ìjọ tó gbé wọn lọ sí ìlú mìíràn. Bàbá Sámúẹ́lì á gbọ́ wọn dópin, á dúpẹ́, á sìn wọ́n jáde.

Mo bi Bàbá lẹ́ẹ̀kan bóyá ó kábàámọ̀. Mo ti lọ́kọ nígbà náà. Ó ń gé etí ewé kòkó kan bó ṣe máa ń ṣe bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀. Ó ní, “Ohun tí mo sọ kò dùn mí, Dúpẹ́. Ibi tí mo ti sọ ọ́ ni.”

Ìyá mi àgbà kú. Ìyá mi kú. Ọkọ mi kú, mo padà sí Òdìgbó láti máa tọ́jú Bàbá. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn rẹ̀ ti dínkù títí ó fi ku ìròyìn ẹnì kan ṣoṣo.

“Sámúẹ́lì jáde lónìí?”

“Ó jáde, Bàbá.”

“Ó rìn dáadáa?”

“Ó mú ọ̀pá lọ́wọ́.”

“Ọ̀pá? Ọwọ́ wo?”

“Ọwọ́ ọ̀tún.”

“Orúnkún yẹn ni. Ó ti já bọ́ láti orí igi ọsàn nígbà tó wà lọ́mọdé, èmi ni mo pọ̀n ọ́n délé.” Á tún ní, “Má sọ fún un pé mo béèrè o.”

Òwúrọ̀ ni Bàbá mí èémí ìkẹyìn, èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo pa ojú rẹ̀ dé, mo sì kọjá sí òdìkejì. Bàbá Sámúẹ́lì wà lórí àga rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti rí i lójú mi.

“Ó jẹ̀rora?”

“Rárá, Bàbá.”

Ó mi orí. Ó pẹ́ tó ń mi í. “Máa lọ,” ó ní. “Ó yẹ kí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀.”

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ìyá tó tẹ̀ lé òkú ló ń kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ sí i lórí. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni a gbẹ́ ibojì sí, ó kọjú sí ọ̀nà. Ènìyàn kò pọ̀, àwọn ẹgbẹ́ Bàbá ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Bí a ṣe ń gbé pósí jáde, mo rí Bàbá Sámúẹ́lì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun látòkèdélẹ̀, ó dé fìlà, ó wọ bàtà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Fọlákẹ́ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n bu omi ìwẹ̀ fún òun kí ilẹ̀ tó mọ́.

Olùṣọ́-àgùntàn ka èyí tó fẹ́ kà. Ó pa ìwé dé, ó wo òdìkejì ọ̀nà. Gbogbo wa wo ibẹ̀. Bàbá Sámúẹ́lì di apá àga mú. Ó gbéra díẹ̀, Fọlákẹ́ sáré láti dì í mú, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. A dúró. Ó tún gbéra, ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dé etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. Kò sọ̀kalẹ̀, kò sì padà jókòó.

Wọ́n ti sọ pósí kalẹ̀, oòrùn sì ń mú àwọn tó gbé e. Nígbà tó pẹ́, olùṣọ́-àgùntàn sọ sí mi létí pé kí èmi bù ú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu iyẹ̀pẹ̀, mo sì dà á sórí pósí.

Ọjọ́ Ẹtì ni, lọ́sàn-án. A sin Jeremáyà Akíntìmẹ́hìn sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ní Òdìgbó, àbúrò rẹ̀ sì wà lórí ìdúró ní òdìkejì ọ̀nà títí a fi bo ibojì tán.